Iṣẹ́ Ìwádìí Tí "A Dúpẹ́" Fẹ́rẹ̀ẹ́ Bà Jẹ́

Ẹ kú ilé o, Màámi. Ẹ kú ojú lọ́nà, ẹ kú àtìlẹ́yìn, ẹ kú àdúrà àárọ̀ àti ti alẹ́. Èmi Bọ́láńlé ni mo kúnlẹ̀ kí yín láti Monrovia. Mo kí Bùọ̀dá Akin, ẹ̀gbọ́n mi, tí wọn ó ka lẹ́tà yìí sí yín létí. Mo kí ìyàwó wọn àti gbogbo ará ilé wa ní Ṣakí, lọ́mọdé lágbà. Àǹtí Rónkẹ́, àbúrò yín tí mo ń gbé lọ́dọ̀ wọn, ní kí n sọ fún yín pé ẹ̀gúsí tí ẹ fi ránṣẹ́ ti tán. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí wọ́n ń sọ.

Tí Bùọ̀dá bá ti kà á tán, mo fẹ́ kí wọ́n mú un fún àwọn tó ń tẹ ìwé ìròyìn ìlú wa jáde, kí wọ́n gbé e sí i fún gbogbo ayé kà. Ẹ sọ fún mi lórí fóònù pé àwọn ọmọ àdúgbò tó wà ní ọdún ìkẹyìn ń wá ẹni tí yóò bá wọn ṣe pírójẹ́ẹ̀tì, pé àwọn kan tilẹ̀ ń wá èyí tí ẹlòmíràn ti ṣe, kí wọ́n kàn yí orúkọ ara rẹ̀ padà. Kí wọ́n ka èyí ná kí wọ́n tó ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó le níbẹ̀, torí mo mọ̀ yín. Tí mo bá fi í sí ìsàlẹ̀, ẹ ó ní mo ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún yín. Mi ò ní kẹ́kọ̀ọ́ jáde lọ́dún yìí. Mo mọ̀ pé ẹ ti gba ìwé ìrìnnà, mo sì mọ̀ pé kò sí ẹni tó kù nínú Ẹgbẹ́ Ìyá Ìjọ tí kò tíì gbọ́ pé ẹ ń bọ̀ ní Liberia. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sunkún. Mi ò fìdí rẹmi. Èmi fúnra mi ni mo sọ pé iṣẹ́ ìwádìí wa kò tíì ṣeé kó fún ilé-ìwé. Tí mo bá kó o fún wọn bó ṣe wà nígbà yẹn, mo máa wọ aṣọ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde, ẹ máa jókòó síwájú, a máa ya fọ́tò, àwọn ọmọ àdúgbò ìjọ wa níbí á sì máa mu omi kànga tó ń kó àìsàn bá wọn lọ. Mo rò ó títí. Ọkàn mi kò gbà á.

Ẹ mọ̀ pé ìmọ̀ ìlera àwùjọ ni mo ń kọ́. Láàárọ̀ mo ń bá Àǹtí Rónkẹ́ ta gàrí àti epo pupa ní ọjà Duala, lọ́sàn-án mo ń lọ sí kíláàsì, ní ọjọ́ Mọ́ńdè mo máa ń wà ní kílíníkì tí a ti ń kọ́ṣẹ́. Iṣẹ́ náà ń tánni lókun, ṣùgbọ́n owó ilé-ìwé ń jáde nínú gàrí, mi ò sì lè bá ẹni tó ń bọ́ mi jà. Ọkọ Àǹtí, tó bá àwọn sójà wa wá pẹ̀tù sí ogun ibí tí kò sì padà sílé mọ́, máa ń sọ pé ẹni tó bá ti gbé òjò Monrovia ní ẹ̀ẹ̀kan, kò sí ibi tí kò lè gbé. Òótọ́ ni. Òjò tiwa máa ń rọ̀, á sì dá. Tibí máa ń rọ̀ bí ẹni tó gba iṣẹ́ àkànṣe. Ìgbà òjò yìí ni àárò yín máa ń sọ mí jù. Mo máa jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ní Paynesville, mo máa wo omi tó ń ṣàn kọjá lójúde, mo máa wá ẹni tí mo lè sọ ọ̀rọ̀ ilé fún, kò ní sí.

Omi tó ń ṣàn yẹn ló bí iṣẹ́ wa. Tí òjò bá ti rọ̀ dáadáa, omi ojúde àti ti ṣáláńgá á jọ wọ inú kànga tí kò ní ìdérí. Èmi àti Musu, ọmọ Liberia tí wọ́n so wá pọ̀ láti jọ ṣe iṣẹ́ náà, kọ́kọ́ gbé àkọlé ńlá kan lọ bá ọ̀gá tó ń bójú tó wa, pé a fẹ́ wádìí omi àti ìlera ní orílẹ̀-èdè Liberia. Wọ́n wò wá láti orí dé ẹsẹ̀, wọ́n ní ẹsẹ̀ wo la fẹ́ fi rìn ín. Ojú tì wá. A padà lọ gé e kúrú: ní àwọn òpópónà tó yí ìjọ wa ká, ṣé ìgbẹ́ gbuuru ń ṣe àwọn ọmọ ilé tó ń mu omi kànga aláìnídèérí ju àwọn tó ń mu ti kànga tó ní ìdérí lọ? Ìbéèrè kan péré. Àwọn ọmọ ilé-ìwé tó ń ka èyí, ẹ gbọ́ o: ìbéèrè tí ẹsẹ̀ yín lè rìn tán ni kí ẹ mú.

A tún wá rí i pé iṣẹ́ náà lè wúlò. Ilé iṣẹ́ kan ní Mamba Point, lókè lọ́hùn-ún lẹ́bàá òkun, ló ń bá àwọn àdúgbò fọ kànga, tí wọ́n sì ń ṣe ìdérí sí i. Wọ́n sọ fún ọ̀gá wa pé àwọn máa fi èsì wa yan kànga tí àwọn máa kọ́kọ́ ṣe. Ọkàn wa kún fún ayọ̀. A lọ gba àyè lọ́wọ́ olórí àdúgbò àti lọ́wọ́ pásítọ̀, a ṣèlérí fún gbogbo ilé pé a kò ní kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, a sì pín ọ̀nà. Musu mú ilé àwọn ọmọ Liberia, èmi mú ilé àwọn Yorùbá tó pọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ìjọ, nítorí pé wọ́n mọ̀ mí, èdè wa sì jọ kan náà. A ronú pé ọgbọ́n nìyẹn.

Nígbà tí a kó èsì jọ, nǹkan kan kò yé wa. Ti Musu hàn kedere: níbi tí kànga kò ti ní ìdérí, ìgbẹ́ gbuuru ń dá àwọn ọmọ láàmú. Tèmi? Mímọ́ lóló. Kò sí ọmọ tó ń ṣàìsàn ní ilé Yorùbá kankan. Àwọn ọmọ náà kò tilẹ̀ pọ̀, ọ̀kan níbí, ọ̀kan lọ́hùn-ún, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹni tó bá gba iwájú ilé wọn kọjá yóò rí ogunlọ́gọ̀ ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù. Kànga kan náà ni wọ́n sì ń pọn pẹ̀lú àwọn tí Musu bi. Musu fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní bóyá ata wa ló ń pa kòkòrò. Èmi ti ń kọ àlàyé sílẹ̀ ní tèmi pé àwọn obìnrin Yorùbá máa ń se omi kí wọ́n tó mu ún. Ta ló sọ fún mi? Kò sí ẹni tó sọ fún mi. Mo kàn fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, mo wà ní kílíníkì, òjò ń rọ̀, obìnrin kan sì wọlé pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Ọ̀kan lára àwọn tí mo lọ bi léèrè ọ̀rọ̀ ni. Mi ò lè dárúkọ rẹ̀ nítorí ìlérí tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ẹ jẹ́ kí n pè é ní Ìyá Ayọ̀. Ojú ọmọ náà ti jin wọnú, ètè rẹ̀ ti gbẹ. Nọ́ọ̀sì béèrè ìgbà tí ìgbẹ́ náà bẹ̀rẹ̀, ó sì sọ ọ́. Mo ṣírò rẹ̀ lọ́kàn mi. Ọjọ́ tí mo wà nílé rẹ̀ tí mo fi bíírò kọ ọ́ pé kò sí àìsàn, ọmọ yẹn ti ń ṣu omi nínú yàrá.

Nígbà tí wọ́n fa omi sí ọmọ náà lára tó sì lajú, tó ń sunkún bí ọmọ gidi, mo jókòó ti ìyá rẹ̀. Mo bi í jẹ́jẹ́ pé kí ló dé tí kò sọ fún mi lọ́jọ́ yẹn. Ó wò mí bíi pé orí mi kò pé. Ó ní ṣebí mo kí òun ni, òun náà sì dá mi lóhùn. Ó ní mo béèrè pé ara àwọn ọmọ ńkọ́, òun ní a dúpẹ́, kí ni mo fẹ́ kí òun wí? Ó ní ṣé òun máa wá la ẹnu, kí òun fi ẹnu ara òun pe àìsàn mọ́ ọmọ òun lórí, níwájú ẹni tó mú ìwé dání?

Màámi, inú bí mi, kì í sì ṣe sí i. Òótọ́ ló sọ. Ìbéèrè tí èmi àti Musu jọ kọ ṣe tààrà: láàárín ọ̀sẹ̀ méjì yìí, ṣé ìgbẹ́ gbuuru ṣe ọmọ kankan nínú ilé yìí? Musu béèrè rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá bi àwọn ènìyàn ibí pé báwo ni ara, wọ́n á ní àwọn ń gbìyànjú díẹ̀díẹ̀, wọ́n á sì tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún yín, láti ẹsẹ̀ dé orí. Ṣùgbọ́n èmi tí ẹ kọ́ nílé, ṣé mo lè dé ọ̀dọ̀ àgbàlagbà obìnrin kí n ní ṣé ọmọ yín ń ṣu? Mo fi ìkíni wé e. Mo kúnlẹ̀, mo ní ẹ kú ilé, ẹ kú òjò, ara àwọn ọmọ ńkọ́. Wọ́n ní a dúpẹ́. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé ara wọ́n le. Ta ni ọmọ Yorùbá tó máa ń dáhùn ìkíni pé rárá, kò dáa?

Ti iye ọmọ náà, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ṣé ẹ rántí ọ̀gbẹ́ni tó wá ka ènìyàn nílé wa, tí ẹ sọ fún un pé Ọlọ́run tó kó wọn fún yín ló mọ iye wọn? Ó dúró, ó ń họ orí. Irú ẹ̀yin ni mo lọ bá ní ẹ̀gbẹ́ ìjọ, ó wá ń yà mí lẹ́nu pé wọn kò ka ọmọ fún mi.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá ọ̀gá wa. Ènìyàn dáadáa ni wọ́n, wọ́n sì fẹ́ kí n jáde. Wọ́n ní kò sí iṣẹ́ ìwádìí tí kò ní àléébù, kí n kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ìwé pé àwọn kan lè má sọ òótọ́, kí n kó o fún ilé-ìwé, nítorí pé wọn kò ní pẹ́ ṣíwọ́ gbígba orúkọ àwọn tó máa kẹ́kọ̀ọ́ jáde. Mo béèrè lọ́wọ́ wọn pé ṣé àwọn ará Mamba Point yóò ka ẹ̀yìn ìwé. Mo ní tí wọ́n bá ka iwájú nìkan, ohun tí wọ́n máa rí ni pé kànga ẹ̀gbẹ́ ìjọ kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan, wọ́n á sì fo ibẹ̀ kọjá. Ọ̀gá wa mí kanlẹ̀, wọ́n ní ilé-ìwé kò ní dúró dè mí o. Mo ní mo ti gbọ́, sà.

Musu ni mo bẹ̀rù jù, nítorí pé iṣẹ́ kan náà ni, tí tèmi bá pẹ́, tirẹ̀ pẹ́. Ó bínú gan-an. Ó ní ilé-ẹ̀kọ́ ti gba òun lọ́dún tó pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ó ní èmi ní Àǹtí tó ń bọ́ mi, òun ní ọmọ tó ń dúró de iṣẹ́ òun. Kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, mi ò sì dá a lẹ́bi. Àárọ̀ ọjọ́ kan ni mo rí i lẹ́nu ọ̀nà wa pẹ̀lú agbòjò tó ti ya. Ó ní tí òun bá fi mí sílẹ̀ fún àwọn obìnrin wa, wọ́n á máa dúpẹ́ fún mi títí di Kérésì. Mo rẹ́rìn-ín, mo sì sunkún díẹ̀. A jókòó.

Ẹni tó bá máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. A da gbogbo èsì tèmi nù, a sì tún ìbéèrè ṣe. Lọ́tẹ̀ yìí mo kọ́kọ́ dán an wò nílé, èyí tó yẹ kí n ti ṣe tẹ́lẹ̀. Mo bi Àǹtí Rónkẹ́ pé ara ńkọ́. Wọ́n ní a dúpẹ́, wọ́n di ìbàdí mú. Mo wá bi wọ́n pé iṣẹ́ wo ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ tí wọn kò lè parí. Màámi, Àǹtí sọ̀rọ̀ ìbàdí títí ìrẹsì fi jóná. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé bí ara ṣe rí kọ́ ni kí n máa béèrè. Ohun tí ọwọ́ ṣe ni kí n béèrè, nítorí pé kò sí ẹni tó ń gbàdúrà lòdì sí ohun tó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe.

Mo lọ bá pásítọ̀ kí n tó tún wọ ilé ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ náà kò kọ́kọ́ dùn mọ́ wọn. Wọ́n ní ṣé mo fẹ́ kí wọ́n ní àwọn ọmọ Ọlọ́run ń ṣàìsàn ju ará ìta lọ ni. Mo bẹ̀ wọ́n, mo ní okùn kan náà ni gbogbo wa fi ń fa omi kànga yẹn. Ní ọjọ́ ìsinmi, wọ́n dìde lórí pẹpẹ, wọ́n ní ẹni tó bá sọ ohun tó ṣe nílé rẹ̀ kò fi ẹnu pe ibi. Ó tó mi.

Mo tún bẹ̀rẹ̀ láti ilé àkọ́kọ́, nínú òjò yẹn náà. Mo kí wọn bó ṣe yẹ kí ọmọ kí ìyá, mo jẹ́ kí wọ́n dúpẹ́ tán, mi ò kọ ìyẹn sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo wá béèrè: abọ́ mélòó ni ẹ bu oúnjẹ ọmọdé sí lálẹ́ àná? Kíá, wọ́n á sọ ọ́, wọ́n á tún sọ ti ẹni tó bu ẹran ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ jẹ. Níbo ni ẹ ti pọn omi àárọ̀ yìí? Ìgbà wo ni ẹ po omi oníyọ̀ àti ṣúgà fún ọmọ gbẹ̀yìn? Ọmọ tí ìgbẹ́ gbuuru ń ṣe nìkan ni wọ́n ń po ìyẹn fún. Ìyá kan tó ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé ara àwọn ọmọ òun le bí òkúta na ọwọ́ sí jọ́ọ̀gì kan lórí tábìlì, wọ́n ní àárọ̀ yìí ni, òun ló wà níbẹ̀ yẹn. Láti ilé dé ilé ni mo ń gbọ́ ọ. Nígbà tí èmi àti Musu to èsì tuntun jọ, àdúgbò ìjọ wa, tó mọ́ lóló lẹ́ẹ̀kan, ló burú jù nínú gbogbo rẹ̀.

Wọ́n ti ṣíwọ́ gbígba orúkọ àwọn tó ń jáde nígbà náà. Mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Mamba Point fúnra mi, mo ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì yan kànga, iṣẹ́ wa ń bọ̀. Wọ́n fún wa ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀. A kò sùn púpọ̀. A kọ gbogbo rẹ̀, títí kan bí a ṣe ṣìnà lákọ̀ọ́kọ́ àti ìdí tí a fi ṣìnà. Iwájú ni a kọ ọ́ sí, kì í ṣe ẹ̀yìn. Bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí, wọ́n ti gbẹ́ ẹrẹ̀ inú kànga ẹ̀gbẹ́ ìjọ jáde, wọ́n sì ń mọ ògiri yí ẹnu rẹ̀ ká kí wọ́n tó fi ìdérí sí i. Mo kọjá níbẹ̀ láàárọ̀. Ìyá Ayọ̀ wà lára àwọn tó ń bá wọn ru iyanrìn.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé tó wà nílé, mi ò ní bá yín sọ ọ̀rọ̀ ìyànjú púpọ̀. Ẹ fúnra yín lọ béèrè. Tí èsì bá dùn jù, ẹ padà síbẹ̀. Iṣẹ́ ẹlòmíràn tí ẹ yí orúkọ rẹ̀ padà lè mú yín jáde nílé-ìwé, ṣùgbọ́n ẹnì kan wà ní ibì kan tó lè gbà á gbọ́. Musu àti èmi yóò jáde lọ́dún tó ń bọ̀, a ó sì jáde dáadáa.

Màámi, ó ku ọ̀rọ̀ kan, ọ̀dọ̀ yín ni mo ń bọ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Gbogbo Sọ́ńdè tí mo bá pè yín, mo máa ń ní ara ńkọ́, ẹ máa ń ní a dúpẹ́. Láti ìgbà tí mo ti dé Liberia ni mo ti ń gbà á bẹ́ẹ̀, tí mo ń sọ fún àwọn ènìyàn pé ara màmá mi le. Ní àná, bí mo ṣe jókòó, ó kàn sọ sí mi lọ́kàn pé mi ò mọ nǹkan kan nípa bí ẹ ṣe wà, ẹ̀rù sì bà mí gan-an. Mi ò ní béèrè ara yín mọ́. Ta ló pọnmi tí ẹ fi wẹ̀ láàárọ̀ yìí? Kí lẹ jẹ lánàá, ṣé ẹ sì jẹ ẹ́ tán? Ìgbà wo lẹ fi ẹsẹ̀ yín rìn dé ilé-ìjọsìn gbẹ̀yìn, ibo lẹ ti sinmi lójú ọ̀nà? Oògùn tí ó wà lẹ́bàá ibùsùn yín, mélòó ló kù nínú rẹ̀? Bùọ̀dá Akin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá wọn dáhùn, ẹ má sì gba a dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ohun tí wọ́n bá sọ gan-an ni kí ẹ kọ ránṣẹ́ sí mi. Tí èsì yẹn bá ní kí n wálé, mo máa wálé.

Ọlọ́run yóò dá yín sí fún wa, ẹ ó jèrè iṣẹ́ ọwọ́ yín, ojú yín kò ní rí ibi ọmọ. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, ẹ bá mi kí Ẹgbẹ́ Ìyá Ìjọ, kí wọ́n má dá aṣọ ìrìn àjò yín padà sínú àpótí, ìrìn àjò náà kàn sún síwájú díẹ̀ ni.

Èmi ni ọmọ yín tó ń dúró de ìdáhùn,
Bọ́láńlé.